Ilé Ìtajà Walmart ní Chatham: Bó Ṣe Wọlé àti Bó Ṣe Jáde

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2023. Àjíǹde ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ọbẹ̀ ọdún ni mo ń gbé kaná lọ́wọ́ tí ìyá tó múlé gbè wá fi kan ilẹ̀kùn. Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló mú lọ́wọ́, kò sì jókòó. Ó ní ṣé mo ti gbọ́ pé Walmart ń kógbá wọlé. Mo ní èwo nínú wọn? Ó ní èyí tó wà ní òpópónà 83 àti Stewart, ibi tí òun ti ń gba oògùn. Mo ní ìgbà wo? Ó ní ọjọ́ Àìkú. Mo rò pé ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó ń bọ̀ ló ń wí. Ó ní rárá, ti ọ̀sẹ̀ yìí gan-an.

Mo fi ọwọ́ kà á. Ọjọ́ márùn-ún péré.

Ìyá yìí kì í ṣe Yorùbá. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, inú Chicago ni wọ́n bí i sí, ó sì ti lo ohun tó lé ní ogójì ọdún ní Chatham, àdúgbò wa nínú Chicago. “Ìyá” ni mo máa ń pè é, mo ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì máa ń jẹ́ ẹ. Kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó ní, “Ọdún mẹ́jọ la fi jà lórí bóyá kí wọ́n wọlé. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń jáde.”

Ọ̀pọ̀ wa tí a ti ilé wá sí Amẹ́ríkà, Walmart ni ọjà àkọ́kọ́ tí a mọ̀. Ibẹ̀ la ti ra kóòtù òtútù, ìkòkò, búláńkẹ́ẹ̀tì, àti káàdì tí a fi ń pe ilé. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí ní irú rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ iṣẹ́ tó wù wá. Bí àwọn ará ilé bá wá bi wá pé ṣé irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ń tún àdúgbò ṣe àbí ó ń bà á jẹ́, ìdáhùn kálukú ń tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ káńtà tó ti dúró rí. Èmi ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí ojú mi rí ní Chatham ló jẹ́ kí n gbà pé gbogbo àríyànjiyàn wa lórí ọ̀rọ̀ yìí ti fo ìbéèrè kan dá, òun gan-an ló sì ná wa lówó jù.

Ọdún 1962 ni Sam Walton ṣí Walmart àkọ́kọ́ sí ìlú Rogers ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ìlú kéékèèké àti ẹ̀yìn odi ìlú ni ilé-iṣẹ́ náà gbájú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí gbòòrò, wọ́n sì ń tajà ní iye tí ṣọ́ọ̀bù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè bá wọn dù. Inú Chicago fúnra rẹ̀ ni wọn kò tíì wọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́, ibi méjì ni wọ́n mú: ọ̀kan ní Austin, apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, èkejì ní Chatham, apá gúúsù, lórí ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ irin kan ti wà rí. Adúláwọ̀ ló pọ̀ jù ní àdúgbò méjèèjì. Chatham kì í ṣe àdúgbò akúṣẹ̀ẹ́ o. Olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló kún ibẹ̀, àwọn tó ti ra ilé bíríkì tí wọ́n sì ti san owó rẹ̀ tán. Wọ́n rí owó ná, ibi tí wọn yóò ti ná an nítòsí ilé ni kò tó.

Kí ilẹ̀ náà tó lè di ilẹ̀ ọjà, ìgbìmọ̀ ìlú ní láti fọwọ́ sí i. Wọ́n dìbò lé e lórí ní oṣù karùn-ún ọdún 2004. Emma Mitts, kánsílọ̀ tó ń ṣojú àwọn ará Austin, jà fún tirẹ̀, ó sì wọlé. Howard Brookins jà fún ti Chatham, ó sì bọ́ nítorí ìbò kan ṣoṣo.

Ìyá ní lọ́dún náà, ìjà yìí wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ kan á ní kí ìjọ gbàdúrà kí iṣẹ́ wọ àdúgbò, pásítọ̀ tó wà ní òdìkejì títì á ní owó tí kò tó jẹun kì í ṣe ìbùkún. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ṣíwájú àwọn tó kọ̀. Ìdí wọn sì yéni. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ilé ìtajà Walmart kankan ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oúnjẹ ńláńlá tó ti wà ní Chicago tẹ́lẹ̀ ní ẹgbẹ́ tó ń bá wọn dúnàádúrà. Bí ẹni tó ń sanwó pọ́ọ́kú bá wọlé, ẹni tó ń san èyí tó sàn díẹ̀ á ní kí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ náà gba ìdínkù. Láàárín ọdún 2004 sí 2005 náà ni ọ̀rọ̀ Jonquière ṣẹlẹ̀ ní Quebec, ní Kánádà: àwọn òṣìṣẹ́ Walmart ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì pé ọdún kan tí wọ́n fi ti ilé ìtajà náà pa. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò mú èrè wọlé. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Walmart ṣí sí Evergreen Park. Ìlú kékeré tó fara ti Chicago ni. Bí èèyàn bá ti sọdá òpópónà Western lọ́nà ibẹ̀, ó ti kúrò ní Chicago nìyẹn. Nǹkan bí iṣẹ́ 325 ló wà nílẹ̀. Àwọn tó kọ̀wé béèrè fún un sún mọ́ 25,000. Àwọn kan gbé iye yìí sókè bí ẹni gbé àsíá, pé ẹ wò ó, àwọn èèyàn wa ń fẹ́ ẹ. Àwọn kan rí i bí ìtìjú ìlú. Ní tèmi, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èèyàn bíi márùndínlọ́gọ́rin ló ń du iṣẹ́ kan; ẹni tó wà lórí ìlà yẹn kò láyè láti gbọ́ pé iṣẹ́ tóun ń wá kò dára tó. Àwọn tó fẹ́ kí Walmart wọ Chatham tún ní ọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó rí i já ní koro. Wọ́n ní àwọn èèyàn wa ń sọdá lọ síbẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń sọdá lọ síbẹ̀ rajà, owó-orí ọjà tí wọ́n sì ń san, Evergreen Park ló fi ń tún títì tirẹ̀ ṣe.

Àwọn tó kọ̀ wá gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 2006, ìgbìmọ̀ ìlú gbé òfin kan jáde tí Kánsílọ̀ Joe Moore dábàá rẹ̀. Ilé ìtajà tó bá tóbi tó 90,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú àti lóròó, tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín sì ń tajà tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, gbọ́dọ̀ máa san ó kéré tán dọ́là 10 fún wákàtí kan, pẹ̀lú àǹfààní tó tó dọ́là 3, nígbà tó bá fi di ọdún 2010. Dọ́là 6.50 ni òfin ìpínlẹ̀ Illinois ń sọ nígbà náà. Kánsílọ̀ 35 fọwọ́ sí i, 14 kọ̀. Mẹ́yọ̀ Richard Daley fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án. Kò tíì fagi lé òfin ìgbìmọ̀ rí láti ọdún 17 tó ti wà lórí àga. Wọ́n tún ìbò dì láti borí rẹ̀, èèyàn 31 ló dúró, 34 ni wọ́n ń wá. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni Walmart ti Austin ṣílẹ̀kùn, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú Chicago.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ yìí, èmi kò lè sọ ọ́ bí ẹni tó kà á nínú ìwé ìròyìn. Ọdún 2009 ni mo dé orílẹ̀-èdè yìí. Kò pẹ́ tí mo rí iṣẹ́ kaṣíà ní ilé ìtajà ńlá kan lẹ́yìn odi ìlú. N kò ní dárúkọ wọn, kì í sì í ṣe torí tiwọn ni mo ṣe ń kọ èyí. Dọ́là 8 ni wọ́n ń san, bí òfin ti sọ lọ́dún náà gẹ́lẹ́. Dọ́là mẹ́jọ náà kọ́ ló pa mí lẹ́kún, bí kò ṣe wákàtí. Ìrọ̀lẹ́ Fúráídè ni wọ́n máa ń lẹ ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé oúnjẹ ọ̀sán sí, gbogbo wa á rọ́ lọ síwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí èèyàn lè bá wákàtí 34 lórúkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó lè bá 16. Onílé kì í gba ìdajì owó ilé. Bùọ̀dá kan láti Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Àbúrò, wákàtí tó kéré jù tí wọ́n bá ti fún ẹ rí, òun ni kó o fi ṣètò ayé ẹ. Èyí tó bá lé, kó o kà á sí ẹ̀bùn.” Ìmọ̀ràn yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo dé.

Síbẹ̀ n kò lè purọ́ mọ́ iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí ará Chicago ṣe ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi owó lé mi lọ́wọ́ láì béèrè ta ni bàbá mi. Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ níbikíbi, 4011 ló ń wá sí mi lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni 4235. Òru ọjọ́ kan ni mo jókòó lórí ibùsùn mi tí mo há nọ́ńbà èso àti ewébẹ̀ sórí, bí ọmọ kéú ṣe ń há tirẹ̀, kí ìlà má baà gùn lẹ́nu káńtà mi. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n ni, kó lọ dúró níbẹ̀ ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì.

Ọdún 2010 ni afẹ́fẹ́ yí padà. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ láti 2008, ilé ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, iṣẹ́ ń bọ́. Ìgbìmọ̀ kan náà tó ti gbé òfin dọ́là 10 jáde fọwọ́ sí Walmart ńlá kan ní Pullman, àdúgbò mìíràn ní gúúsù ìlú, láì sí ẹni tó ta kò ó, ọ̀nà sì là fún ti Chatham náà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn gbọ́ dọ́là 8.75 fún ìbẹ̀rẹ̀. Walmart fi ìlérí lélẹ̀: bílíọ̀nù kan dọ́là láàárín ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà káàkiri ìlú, àti iṣẹ́ bíi 10,000. A kì í rí ìlérí tó tó yẹn kí á bínú. Nígbà tó fi di 2023, ilé ìtajà mẹ́jọ ló wà nílùú.

Ti Chatham ṣílẹ̀kùn ní oṣù kìíní ọdún 2012. Èmi àti ọkọ mi ti kó lọ sí àdúgbò náà nígbà yẹn. Mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ: òtútù ń já bí abẹ, ibi ìgbọ́kọ̀sí kún, bàbá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé bí ẹni kí àlejò ìgbéyàwó. Ará àdúgbò ni. Àwọn tó ń wọlé ń fi orúkọ pè é. Ewébẹ̀ tútù wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ti ń gbé bọ́ọ̀sì méjì kó tó rí tẹ̀tẹ̀ tí kò tíì rọ, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ibi oògùn wà, ibi àyẹ̀wò ojú wà. Ìyá ní òun dúró síwájú ẹyin, òun kàn ń wò ó.

Gbogbo wa la rajà níbẹ̀. N kò ní jókòó síbí kí n máa ṣe bí ẹni pé èmi nìkan ni mo ń ra ìrẹsì níbòmíràn. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan wà tí a ti ń ra èlùbọ́, ẹ̀gúsí, àti ata gígún, ọmọ Ọ̀ṣogbo ni. Mo ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lọ́jọ́ kan ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrẹsì, òróró, súgà, mílíìkì ni òun fi ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ni òun fi ń jẹun. Àwọn oníbàárà ti ń ra mẹ́rin àkọ́kọ́ ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ohun tí wọn kò rí níbẹ̀ ni wọ́n ń wá rà lọ́dọ̀ òun. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Àǹtí, bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.” Onílé fi owó kún owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì palẹ̀ mọ́. Mo gbé páálí náà sílé fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọnù.

Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Illinois ní Chicago àti Loyola ti wo irú ọ̀rọ̀ yìí ní Austin. Wọ́n ka ilé òwò 306 tó wà láyìíká Walmart ibẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ wò wọ́n. Nígbà tó fi di 2008, 82 nínú wọn ti kógbá sílé, èyí tó sún mọ́ Walmart jù ló sì wà nínú ewu jù. Nígbà tí wọ́n ṣírò iṣẹ́ tó bọ́ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye iṣẹ́ tí Walmart gbé wá. Mo ti bá èèyàn púpọ̀ jiyàn lórí ìwádìí yìí. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ń tì ní gbogbo ọjọ́ ayé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá kì í tì bẹ́ẹ̀, kì í tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ọdún kí òmíràn lè hù sáàyè rẹ̀. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó ní, bó bá sì ti tì í, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

A ti rí àpẹẹrẹ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí. Target, ilé ìtajà ńlá mìíràn tó wà ní Chatham, tì ní oṣù kejì ọdún 2019, àwọn ará àdúgbò tò, wọ́n pariwo, kò yí nǹkan kan padà. Whole Foods, ilé ìtajà oúnjẹ tí wọ́n ṣí ní àdúgbò Englewood ní 2016 pẹ̀lú ìlù àti ijó, tì ní 2022. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní 2020 lẹ́yìn ikú George Floyd, Adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá pa, wọ́n fọ́ Walmart ti Chatham, wọ́n kó o. Mẹ́yọ̀ Lori Lightfoot bẹ ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n má lọ. Wọ́n ní àwọn kò ní lọ. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n tún ṣí ilé ìwòsàn kékeré sínú rẹ̀. Lóòótọ́, inú mi dùn. Mo sọ fún ọkọ mi pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ìkéde oṣù kẹrin 2023 kàn mẹ́rin nínú mẹ́jọ: Chatham, Kenwood, Little Village, àti Lakeview. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà sọ ni pé láti nǹkan bí ọdún 17 tí wọ́n ti ṣí àkọ́kọ́, àwọn ilé ìtajà Chicago lápapọ̀ kò tíì mú èrè wá; ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń pàdánù lọ́dún, àdánù náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni ìlú ti dìbò yan Brandon Johnson sípò mẹ́yọ̀. Kíá ni gbogbo èèyàn ti fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Olè ni, àwọn kan wí, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò fi olè ṣe ìdí. Mẹ́yọ̀ tuntun ni. Àwọ̀ wa ni. Owó iṣẹ́ tó ti dé dọ́là 15 ní Chicago láti 2021 ni. Mo gbọ́ ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín wákàtí kan ní ibi tí mo ti ń ṣe irun.

Fúráídè ọ̀sẹ̀ náà ni mo dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Pẹpẹ ti ń ṣófo láti ẹ̀yìn wá síwájú. Níbi tí búrẹ́dì máa ń wà, ìwé iye owó nìkan ló kù tó ń fì. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí mo mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ń kó àwọn àpótí jọ. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ ò bá nǹkan gidi mọ́ o.” Mo béèrè pé kí ni yóò ṣe. Ó ní wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè lọ sí ilé ìtajà mìíràn, òun ti mú Pullman. Bọ́ọ̀sì kan ló fi lé e. Mo ní ṣé inú ò bí i. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ yìí ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tóun ń lọ, òun kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. “Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tó ń wá gba oògùn, Àǹtí, àwọn ni mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn.” Wọ́n ní ibi oògùn lè wà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àwọn ọmọ òun kì í ṣe aláìsàn ọgbọ̀n ọjọ́.

Èmi kò bá oníṣòwò jà pé ó lọ nígbà tó ń pàdánù. Ìyá mi náà tajà ní Gbági, mo mọ bí àdánù ṣe ń rí lójú oníṣòwò. Ohun tí mo ń bá jà ni pé láti 2004 títí di 2010, nínú gbogbo ìjà yẹn, owó iṣẹ́ la jà lé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ la jà lé, ṣọ́ọ̀bù kékeré la jà lé, gbogbo wọn ló sì tọ́ ká jà lé. Ṣùgbọ́n nínú ohun gbogbo tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dìde pé: bí ẹ bá fẹ́ lọ ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa lọ? Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti ọdún 1988 tó ní ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 sókè gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 60 kó tó ti ibi iṣẹ́ pa. Òṣìṣẹ́ ni òfin náà ń ṣọ́. Ẹni tó ń gba oògùn níbẹ̀, ẹni tí kò ní mọ́tò, ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé kí ti ńlá náà tó dé, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí òfin fún wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú tó lè ní kí ilẹ̀ má di ilẹ̀ ọjà àyàfi tí òun bá fọwọ́ sí i, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà wà fún àdúgbò, kí ibi oògùn má tì kí òmíràn tó ṣí. Àsìkò tí àlejò ṣì ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bá a sọ bí yóò ṣe jáde. Bó bá ti wọlé jókòó, ó ti bọ́.

Ní báyìí, Sátidé méjì-méjì ni mo máa ń gbé Ìyá lọ rajà. Nínú ooru ọdún náà, ó ní òun fẹ́ lọ síbi tí iye owó ẹyin kò ní pa òun. A gba òpópónà 95 lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, a sọdá Western, a dé Evergreen Park. Walmart tó wà níbẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo rí àwọn ará Chatham mẹ́ta tí mo mọ̀ kí a tó dé ibi ewébẹ̀. Ìyá ra ẹyin, tẹ̀tẹ̀, adìẹ, àti ọṣẹ, ó sì gba oògùn rẹ̀. Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ́ rìsíìtì sórí itan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e sísàlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ìka náà dúró lórí owó-orí. Ó kà á sókè fún mi, ó ká ìwé náà sí méjì, ó sì ní kí n máa wakọ̀ lọ, pé adìẹ ń yọ́.